Paracetamol: ṣé lóòótọ́ ni pé wọn ò tíì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́?

Wúrà_Adé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa oògùn. Wọ́n ní títí dòní, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ò tíì fẹnu kò lórí bí paracetamol ṣe ń pa ẹ̀fọ́rí. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé hóró mẹ́jọ ni òpin rẹ̀ lójúmọ́? Ọmọ oníkílò 12 ńkọ́, mélòó ni tiẹ̀?

Apòògùn_Mushin:
Òótọ́ ni. Ní 1948, Brodie àti Axelrod, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Amẹ́ríkà, rí i pé acetanilide, oògùn ẹ̀fọ́rí àtijọ́ tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ara ló ń sọ ọ́ di paracetamol, paracetamol yìí ló sì ń pa ìrora. Ní 1956, Panadol ti dé ọjà ní Ìlú Ọba.

Ibi tó ti ń rú wọn lójú nìyí: aspirin àti ibuprofen ń dènà COX, èròjà inú ara tó ń pèsè prostaglandin, èyí tó ń fa ìrora, ara gbígbóná àti wíwú. Paracetamol ń bá ìrora àti ara gbígbóná wí, àmọ́ ẹsẹ̀ tó wú kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tiẹ̀. Ní 2002, àwọn kan ní COX-3, oríṣi COX kan tí àwọn rí nínú ọpọlọ ajá, ni paracetamol ń bá jà. Nígbà tó yá, ó hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn. Ní 2005 ni ọ̀rọ̀ AM404 jáde: ẹ̀dọ̀ á gé lára oògùn náà, ọpọlọ á so ìyókù mọ́ ọ̀rá kan, ohun tó bá tibẹ̀ jáde, AM404 yìí, á máa pa ìrora. Lójú tèmi, èyí ló jọ òótọ́ jù, bí kò tilẹ̀ tíì tú gbogbo rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé:
Bó ṣe ń pa ìrora ni kò yé wọn tán. Bó ṣe ń pa ẹ̀dọ̀ yé wọn dáadáa. Ẹ̀dọ̀ máa ń sọ díẹ̀ lára rẹ̀ di májèlé kan, NAPQI. Glutathione, èròjà tí ẹ̀dọ̀ fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, á gbá a mú, ó di inú ìtọ̀. Bí oògùn bá pọ̀ jù, glutathione á tán, NAPQI á sì kọjú sí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà ò fi gbọdọ̀ kọjá 4g, ìyẹn hóró 500mg mẹ́jọ, láàárín wákàtí 24. Ẹni tí kò tó kílò 50, ọlọ́tí, tàbí ẹni tí kò jẹun, tiwọn gbọ́dọ̀ dín.

Fún ọmọ, 10 sí 15mg ni fún kílò kan. Kílò 12 á gba 120 sí 180mg. Bí síróòpù bá jẹ́ 120mg nínú 5ml, 5ml sí 7.5ml nìyẹn, ó kéré tán wákàtí mẹ́rin síra, kó má kọjá ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ibi tí àwọn ìyá ti ń ṣìṣe ni ti oníkán, èyí tí wọ́n ń kán sọ́mọ ọwọ́ lẹ́nu: 100mg ló wà nínú 1ml tiẹ̀! Ẹ da 5ml rẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu, 500mg ló gbé mì. Ẹ ka ara ìgò, síríǹjì ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ṣíbí ìjẹun.

Wúrà_Adé:
Ẹ ṣé gan-an. Àwọn tó ń fi se ẹran kó lè tètè rọ̀ ńkọ́?

Apòògùn_Mushin:
Háà! NAFDAC ti kìlọ̀ títí. Lórí iná ó lè fọ́ di 4-aminophenol, tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ tún wo oògùn ọ̀fìnkìn: paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ kà á mọ́ ọn.

Ẹni tó bá sì ti lò ó jù, ẹ má wojú rẹ̀. Ó lè bì lọ́jọ́ kìíní, kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni abẹ́ ìhà ọ̀tún á máa dùn ún, ojú á pọ́n bí àtalẹ̀ pupa. N-acetylcysteine ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀, bí wọ́n bá fún un láàárín wákàtí mẹ́jọ tó lo oògùn náà ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ mú páálí oògùn dání, kẹ́ ẹ sì sọ aago tó lò ó, torí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà fún àyẹ̀wò kó tó pé wákàtí mẹ́rin tó lò ó kò lè sọ òótọ́.