Ìrìn àjò òru láàárín erékùṣù méjì, èmi àti ọkọ mi nìkan: aago mélòó ni ká ṣíkọ̀?

Ìyàwó Atukọ̀, Akóbọ̀:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ ojú omi. Ìbàdàn ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́rin tí a ti ń lọ sí Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀ láti kọ́ bí a ṣe ń fi ìgbòkun wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà. Ọ̀rẹ́ wa kan fi ọkọ̀ onígbòkun rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 38, sílẹ̀ ní èbúté Palmeira ní erékùṣù Sal, ní Cape Verde, ó sì fẹ́ kí a bá òun gbé e lọ sí Tarrafal ní erékùṣù São Nicolau ní oṣù kìíní tí ń bọ̀. Àwa méjì péré ni a ó wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n lórí àwòrán òkun, ọ̀nà náà tó nǹkan bí 80 máìlì ojú òkun, èyí tí ó ju ìrìn Ìbàdàn sí Èkó lọ díẹ̀.

Ọkọ mi ní kí a ṣíkọ̀ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí a ta gbogbo ìgbòkun, kí a máa sáré ní nọ́ọ̀tì 7 (ìyẹn máìlì ojú òkun 7 ní wákàtí kan), kí a lè gúnlẹ̀ kí àkùkọ tó kọ, kí a sì wá sùn. Ó ní kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni nínú wa yóò fi sùn lójú ọ̀nà, pé òru kan ṣoṣo ni, ṣé a kò ti ṣe àìsùn ọjọ́ mẹ́ta nígbà ìsìnkú bàbá òun ni? Ọkàn mi kò balẹ̀. A kò tíì wa ọkọ̀ lóru rí, àfi lórí ọ̀sà Èkó níbi tí iná ìlú ti yí wa ká. Ẹ jọ̀wọ́, aago mélòó ni ẹ̀yin ìbá ṣíkọ̀, báwo sì ni ẹni méjì ṣe ń pín ìṣọ́ òru?

Bàbá Ọlọ́kọ̀, Mọ́kọ́lá:

Ìyàwó wa, ẹ kú ìmúra. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì sí Ìbàdàn, mo sì ti bá ọ̀rẹ́ fi ìgbòkun rìn láàárín àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn. Ìṣirò ọkọ yín kò burú, ibi tí ó gbé e gúnlẹ̀ ni kò dára. Bí ẹ bá fi 7 pín 80, yóò fẹ́ẹ̀ tó wákàtí 11 àti ààbọ̀, ìyẹn ni pé ẹ ó dé Tarrafal ní nǹkan bí aago 3:30 òru, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn kì í yọ níbẹ̀ ní oṣù kìíní títí aago 7 yóò fi kọjá. Ẹ ó wá máa táràrà ibi tí ẹ ó ju ìdákọ̀ró sí nínú òkùnkùn, ní èbúté tí ẹ kò dé rí, láàárín ọkọ̀ apẹja tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tan iná, pẹ̀lú ojú tí oorun ti kún.

Aago 6 ni kí ẹ ṣíkọ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà tí ẹ ó fi jáde kúrò láàárín àwọn ọkọ̀ tó wà ní Palmeira. Nọ́ọ̀tì 6 ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n: wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 20, tí yóò mú yín débẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Láti èbúté ni kí ẹ ti ká apá kan ìgbòkun ńlá mọ́lẹ̀, bí ẹ̀fúùfù kò tilẹ̀ tíì le, nítorí pé iṣẹ́ tí ó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọmọ lè gba ìdajì wákàtí lóru. Láti àríwá ìlà-oòrùn ni ẹ̀fúùfù ti sábà máa ń fẹ́ ní àkókò náà, ẹ̀yin ó sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà ẹ̀yìn ọ̀tún ni yóò ti máa tì yín. Ẹ fi okùn so ọ̀pá ìsàlẹ̀ ìgbòkun mọ́ apá iwájú ọkọ̀, kí ó má baà gbá kọjá lójijì bí ẹni tó ń tukọ̀ bá tòògbé. Orí ènìyàn ló máa ń bá pàdé.

Ọyẹ́ tí ń bẹ́ wa létè ní Ìbàdàn, eruku Sàhárà kan náà ni ó máa ń bo àwọn erékùṣù náà. Bruma seca ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Lọ́jọ́ tí ó bá pọ̀, ẹ lè má rí São Nicolau títí ẹ ó fi sún mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè Monte Gordo ga tó mítà 1,312. Láti orí òkè yìí kan náà ni ẹ̀fúùfù ti máa ń já bọ́ sí Tarrafal: omi á tẹ́ pẹrẹsẹ, ìgbòkun á rọ jọwọlọ, kí ẹ sì tó pajú pẹ́, ọkọ̀ á ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọmọ Bẹẹrẹ:

Ẹ má bínú sí mi o, ṣé kò sí ọkọ̀ òfuurufú tí ń lọ síbẹ̀ ni? Èmi tí mo fojú rí ohun tí omi Ògùnpa ṣe ní ọdún 1980, n kò lè fi owó ara mi wá ìgbì lọ.

Ìyá Túndé, Ìyágankú:

Àbúrò mi, fi Ọmọ Bẹẹrẹ sílẹ̀. Èmi àti bàbá Túndé ti rin irú òru bẹ́ẹ̀ láti Grenada lọ sí Trinidad, tí òun náà fẹ́ẹ̀ tó 80 máìlì. Wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni a pín ìṣọ́. Bí oorun kò bá wá, dùbúlẹ̀ kí o di ojú. Ara á sinmi.

Òfin kan wà tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹni tó wà lórí ìṣọ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò ní ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ láìjí ẹnì kejì. Ife páànù kan wà tí bàbá Túndé fi máa ń mu tíì jínjà, tí ó máa ń ró kẹ́n-kẹ́n mọ́ ara ọkọ̀ bí ìgbì bá ti ń gbé wa. Àìgbọ́ ìró ife yẹn ló jí mi. Mo gòkè, ìjókòó ṣófo, ife ti dojú dé nílẹ̀, ẹ̀rọ atọ́kọ̀ sì ń bá tirẹ̀ lọ. Iwájú ọkọ̀ ni ó wà, tí ó ń tú okùn tó kọ́, kò sì so ara rẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ní nọ́ọ̀tì 6, ọkọ̀ ń rìn ju mítà mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ó ti já sómi ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú kí n tó jí, yóò ti fẹ́ẹ̀ tó kìlómítà kan sẹ́yìn wa, nínú òkùnkùn. N kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi gúnlẹ̀ sí Chaguaramas ní Trinidad.

Nítorí náà, ẹ wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí ẹ sì so okùn ara yín mọ́ ọkọ̀ kí ẹ tó yọ orí jáde láti ìsàlẹ̀. Kí ẹni tó wà lórí ìṣọ́ máa dìde wo gbogbo àyíká ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù tí ń sáré ní nọ́ọ̀tì 20 ń jẹ máìlì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Iná pupa wà lápá òsì ọkọ̀, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún. Bí o bá rí méjèèjì pọ̀, ìwọ gan-an ló ń bọ̀ wá bá. Tọ́ọ̀ṣì pupa ni kí ẹ máa lò, nítorí funfun á fọ́ ojú tó ti mọ́ òkùnkùn lára, ó sì lè tó ìdajì wákàtí kí ó tó padà. Ní ti oúnjẹ, mọ́ínmọ́ín eléwé ni mo sè sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ọwọ́ kan ni a fi ń jẹ ẹ́.

Bàbá Ọlọ́kọ̀, Mọ́kọ́lá:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Túndé, àfi ti wákàtí mẹ́ta. Láti òru ọ̀gànjọ́ títí di aago 5, wákàtí méjì tó fún ẹni tí kò ṣe é rí.

Ìyàwó Atukọ̀, Akóbọ̀:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka ìtàn ife náà sétí ọkọ mi, kò fèsì, ṣùgbọ́n ó ti gbà fún aago 6. Nọ́ọ̀tì 6 ni kò tíì gbà. Bí ó bá wá sáré ńkọ́, tí a sì débẹ̀ lóru?

Bàbá Ọlọ́kọ̀, Mọ́kọ́lá:

Ẹ má wọlé. Nígbà tí erékùṣù bá ṣì wà lókèèrè, tí òkun sì ṣí sílẹ̀ yí yín ká, ẹ ká ìgbòkun sí i títí ọkọ̀ yóò fi máa rọra rìn. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ yí orí ọkọ̀ súnmọ́ ẹ̀fúùfù, kí ẹ fa ìgbòkun iwájú sí òdìkejì, kí ẹ sì so ìtọ́kọ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ yóò fẹ́ẹ̀ dúró sójú kan. Ẹ dán an wò lórí ọ̀sà ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lójúmọmọ, kí ọkọ yín fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.