Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kọ̀ǹpútà géèmù àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ fọwọ́ ara mi tò, owó ò sì pọ̀

Ọmọ Tuntun
Ẹ̀yin ọ̀gá, mo kí i yín o. Mi ò to kọ̀ǹpútà rí. Owó tí mo tù jọ ò pọ̀, screen 1080p sì wà nílẹ̀. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ rèé: CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5600G, GPU (èyí tó ń gbé àwòrán jáde) RX 6500 XT oní-4GB, RAM 16GB ẹyọ kan, motherboard (pátákó tí gbogbo wọn ń so mọ́) B450, SSD 1TB, àti àpótí tí power supply ti wà nínú ẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Bàbá Wáyà
A ò ní rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n má tíì sanwó. G tó wà nídìí 5600G yẹn, GPU kékeré tó wà nínú CPU ló ń sọ. Ẹni tí ò ní ra GPU lọ́tọ̀ ló wúlò fún. Ìwọ fẹ́ ra GPU, o wá tún fẹ́ sanwó èyí tí o ò ní lò. 5600 tí kò ní G ní cache L3 (ìrántí kékeré tó yára nínú CPU) 32MB, ti G ò ju 16MB lọ, géèmù sì máa ń mọ̀ ọ́n lára.

Èyí tó wá burú jù: lane (ojú ọ̀nà) 4 péré ni 6500 XT fi ń bá motherboard sọ̀rọ̀. PCIe ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Lórí PCIe 4.0, ó ṣì lè rọ́jú. 5600G àti B450 ò kọjá PCIe 3.0, ìyẹn ni pé ọ̀nà tóóró ọ̀hún tún di ìdajì. Tí 4GB ẹ̀ bá ti kún, inú RAM ló máa ti lọ máa kó ẹrù, ọ̀nà yẹn náà ló sì máa gbé e gbà. Wàá kàn rí i tí géèmù á máa dúró, á máa rìn, bí ẹni tó ń tiro. Ra 5600 àti RX 6600. 8GB ló ní, 1080p gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, kò sì mu iná ju bíi 132W lọ.

Ọmọ Tuntun
Háà! Èmi rò pé GPU méjì á sáré ju ẹyọ kan lọ ni. Ọ̀gá, owó mi ò tó 6600 o.

Abẹ́ Fáànù
Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ AM5, ihò CPU tuntun lórí motherboard? AM4 tí 5600 ń lò ti ń lọ sópin.

Ìyá Ẹ̀rọ
Ọmọ ní owó òun ò tó 6600, ẹ ní kó lọ ra DDR5, RAM tuntun tí AM5 ń béèrè. Ẹ ṣeun o.

Àbúrò, wá GPU àlòkù. Ní kí ẹni tó ń tà á gbé géèmù lé e lójú ẹ fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe kó kàn tàn án kó pa á. Tẹ́tí sí fáànù. Tí àmì wínníwínní bá ń ṣẹ́jú lórí screen, máa lọ sílé. Tó bá jẹ́ CPU AM4 àlòkù lo rí, yí i dojú dé kí o wo àwọn ẹsẹ̀ tín-ín-tín ẹ̀, bóyá èyíkéyìí ti tẹ̀.

Power supply nìkan ni mi ò ní gbà kí o ra lálòkù, mi ò sì ní gbà kí o lo èyí tó bá àpótí wá. Irú ẹ̀ ló dún pọ̀ọ̀ nílé mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì mú motherboard àti SSD mi dání lọ. Ra 550W gidi. Má sì jẹ́ kí àkọlé 80 Plus Bronze nìkan tàn ẹ́: bó ṣe ń fi iná ṣòfò sí nìyẹn ń sọ, kò sọ pé inú ẹ̀ dáa. Tówó bá há, gé SSD sí 500GB.

Abẹ́ Fáànù
Ó dáa, mo ti gbà. RAM ńkọ́? Ra 8GB méjì dípò 16GB ẹyọ kan, kí méjèèjì lè jọ máa gbé ẹrù. Tí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, ìkejì àti ìkẹrin ni kí o fi wọ́n sí, kà á láti ẹ̀gbẹ́ CPU. Lẹ́yìn náà, wọ BIOS (ètò inú motherboard tó ń jí kọ̀ǹpútà) lọ tan XMP, tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ RAM 3200 tí o fowó rà lè máa rìn ní 2133 títí láé. Nípa B450, béèrè bóyá wọ́n ti sọ BIOS ẹ̀ dọ̀tun. Èyí tó ti pẹ́ lórí igbá ò ní dá 5600 mọ̀ rárá.

Ọmọ Tuntun
Mo ti padà dé o. 5600, RX 6600 àlòkù, 8GB méjì, motherboard B550, power supply 550W. Mo ti tò ó tán, gbogbo fáànù ń yí, ṣùgbọ́n screen dúdú bí òru. Wákàtí méjì rèé. Mo ti tú RAM, mo ti dá a padà.

Bàbá Wáyà
Wáyà screen, ihò wo lo kì í sí?

Ọmọ Tuntun
Èyí tó wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ USB.

Bàbá Wáyà
Ti motherboard nìyẹn. 5600 ò ní GPU nínú. Yọ ọ́, kì í sára 6600, nísàlẹ̀.

Ọmọ Tuntun
Ó ti tàn. Ẹ ti ṣèlérí pé ẹ ò ní rẹ́rìn-ín o.