Òkè Triglav: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fi okùn na ẹni tó bá gùn ún fún ìgbà àkọ́kọ́?

Ọmọ_Gwarinpa:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́rin láti Àbújá ń lọ sí Slovenia lóṣù kẹjọ, àwọn tó gbà wá lálejò sì ní a ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìgun Triglav. Wọ́n tún ní bí àlejò bá dé ṣóńṣó òkè náà, okùn ni wọ́n fi ń kí i káàbọ̀, ní ìdí! Ṣé òótọ́ ni, àbí wọ́n ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀? Kí sì ni àgbá irin tó ń hàn lókè nínú gbogbo fọ́tò? Katampe lòkè tó ga jù tí ẹsẹ̀ wa mọ̀. Kí la máa gbé dání, kí ló sì máa ń kó èèyàn sí wàhálà níbẹ̀?

Baba_Kubwa:
Òótọ́ ni, àbúrò. Ìrìbọmi ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń gùn ún fún ìgbà àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ti gùn ún rí á fi okùn ta á nídìí. Kò le tó àtòrì eégún. Ẹ̀rín àti fọ́tò ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ọmọ Slovenia tí kò tíì gun Triglav, ó ṣì kù díẹ̀ káàtó.

Mítà 2,864 ni gíga rẹ̀, kò sí òkè tó tó o ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Oníṣẹ́ abẹ kan, Lovrenz Willomitzer, àti àwọn mẹ́ta mìíràn láti agbègbè Bohinj ló kọ́kọ́ dé orí rẹ̀ lóṣù kẹjọ 1778. Ọdún 8 lẹ́yìn ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó dé orí Mont Blanc.

Ti àgbá irin yẹn: Jakob Aljaž, àlùfáà ìjọ ní abúlé Dovje, ló fi í síbẹ̀. Inú ń bí i pé àwọn elédè Jámánì ń kọ́lé, wọ́n sì ń gbé àkọlé èdè tiwọn káàkiri àwọn òkè náà. Ó bá lọ ra ṣóńṣó Triglav, ilẹ̀ bí ìwọ̀n yàrá kan, ní florin kan ṣoṣo, owó ayé ìgbà náà. (Ẹ wá ra ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Lugbe lónìí!) Wọ́n rọ àgbá náà nísàlẹ̀, wọ́n rù ú gòkè ní wẹ́wẹ́, wọ́n sì tò ó pọ̀ ní 7 Oṣù Kẹjọ 1895. Ó ní ilẹ̀kùn, èèyàn díẹ̀ lè dúró sínú rẹ̀. Aljaž fẹ́ kó jẹ́ ibi ìsádi, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé e bí òjò bá ṣú: ibi tó ga jù ni mọ̀nàmọ́ná máa ń kọ́kọ́ bá.

Aponke_Jos:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ìtàn, ẹ jẹ́ n sọ ti ẹsẹ̀. Ọjọ́ méjì ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Ọjọ́ kìíní, ẹ gba àfonífojì Krma gòkè lọ sí ilé ìsùn tó wà ní Kredarica, bíi wákàtí 5 sí 6. Mítà 2,515 nibẹ̀ wà. Chappal Waddi tó ga jù ní Nàìjíríà, 2,419 ni. Ẹ tètè gba ibùsùn sílẹ̀, oṣù kẹjọ máa ń kún fọ́fọ́.

Láti Kredarica sókè ni ọ̀rọ̀ wà. Bíi wákàtí kan ni, lórí àpáta tó dúró ṣánṣán, tí wọ́n kan wáyà irin mọ́. Ẹ máa nílò bẹ́líìtì tó gbá ìbàdí àti itan, tó ní okùn kúkurú méjì, ìkọ́ irin kọ̀ọ̀kan lẹ́nu wọn. Méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà lára wáyà. Bẹ́ ẹ bá dé ibi tí ìṣó di wáyà mú, ẹ yọ ìkọ́ kan, ẹ gbé e kọjá ìṣó, ẹ fi kọ́ wáyà, ẹ jẹ́ kó dún “kọ́” létí yín kẹ́ ẹ tó yọ èkejì. Ẹni tó bá kánjú yọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kò ní nǹkan kan tó dì í mú mọ́. Okùn lásán kò sì tó o. Ẹ gba irú èyí tó ń tú díẹ̀díẹ̀ bí èèyàn bá já bọ́, torí okùn tí kì í fà lè ṣẹ́ ìkọ́ tàbí egungun ẹ̀yìn.

Kí ẹnì kan ṣoṣo máa wà láàárín ìṣó méjì. Ẹni tó bá yọ̀ lókè, orí ìṣó ìsàlẹ̀ ló máa sọ̀ sí, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ gbé! Ẹ dé akoto bíi ti ọlọ́kadà tó gbọ́ràn, torí ẹsẹ̀ àwọn tó wà lókè máa ń ta òkúta sílẹ̀. Ìbọ̀wọ́ náà ṣe kókó: wáyà tó ti já létí máa ń ya ọwọ́, ó sì máa ń tutù nini láàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù kẹjọ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ kúrò nílé ìsùn kí aago 6 àárọ̀ tó lù, kẹ́ ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ààrá ọ̀sán lọ̀tá ibẹ̀, wáyà irin sì ni ẹ máa dì mú.

Iya_Ibeji_Lugbe:
Ẹ má gbàgbé omi. Òkúta ẹfun ni òkè yẹn, ó ń mu òjò ni, kì í dá a dúró. Kò sí odò ní Kredarica, owó gidi ni wọ́n sì ń ta omi. Lítà 2 sí 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Bàtà tuntun náà, ẹ fi gun Katampe pẹ̀lú ẹrù kílò 8 fún oṣù kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìléròrò ní gìgísẹ̀.

Wọ́n tún ní ìtàn Zlatorog, ẹran oníwo wúrà tí ọdẹ kan ta níbọn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kán sílẹ̀, ó hu òdòdó. Ẹran jẹ òdòdó náà, ara rẹ̀ yá, ló bá ti ọdẹ ṣubú sínú ọ̀gbun. Bí owó 100 náírà wa ṣe ní Awólọ́wọ̀ níwájú àti àpáta Zuma lẹ́yìn, Triglav náà wà lára owó ẹyọ sẹ́ńtì 50 tiwọn.

Ọmọ_Gwarinpa:
Ẹ ṣé gan-an. Ẹnì kan nínú wa ń bẹ̀rù ibi gíga. Ṣé ó lè dúró ní Kredarica?

Aponke_Jos:
Ó lè dúró dáadáa, ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kó mú súwẹ́tà, kó jókòó níta ilé, á máa wò yín lórí wáyà. Àmọ́ kò ní jẹ okùn o, orí ṣóńṣó nìkan ni wọ́n ti ń pín ìyẹn.