Kíṣìnì àtijọ́ nílé wa n'Ìbàdàn: ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Ọmọ Òkè-Àdó
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Bàbá wa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan sí Òkè-Àdó n'Ìbàdàn ní 1976, ibẹ̀ ni màmá wa ṣì wà. Àwa ọmọ ti fọ́n káàkiri, Ìkòròdú lèmi ń gbé, ṣùgbọ́n bí Kérésì bá dé, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń rọ́ lọ.

Kíṣìnì ìsàlẹ̀ ló ń kó ìtìjú bá wa. Sítóòfù kẹrosíìnì ti kun ògiri rẹ̀ dúdú. Ikán ti jẹ kọ́bọ́ọ̀dù onípákó títí ó fi ku ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan. Omi ẹ̀rọ ń kán tó, tó, tó, ó sì pupa bí omi ẹrẹ̀. Síǹkì kan, fèrèsé lúfà méjì, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ń ta iná pàràpàrà. Sílìn rẹ̀ ni irú pátákó aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń kàn nígbà náà. Fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12.

A ti dá owó díẹ̀ jọ, èmi àtàwọn àbúrò mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi: kí a tú gbogbo rẹ̀ dànù, kí a lẹ táìlì dídán sílẹ̀ àti sára ògiri, kí a ṣe kábínẹ́ẹ̀tì funfun, kí a yọ lúfà, kí a fi fèrèsé sliding sí i. Màmá ti pé ọdún 76, fúnra wọn ni wọ́n ṣì ń dáná. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Kí ni kí n má tilẹ̀ dán wò?

Ìyá Ìbejì Ṣómólú
Ẹ kú ìnáwó o. Olúwa á jẹ́ kí màmá jẹun ọmọ pẹ́. Ìbéèrè kan ni mo ní: ṣé ẹ ti bi màmá? Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, "lọ́kàn mi" ni mò ń rí, mi ò rí "màmá ní".

Bíríkìlà Àgbà
Ẹ má tíì ra táìlì. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ògiri.

Ilé ìgbà yẹn, páìpù onírin ni wọ́n sábà máa ń rì sínú rẹ̀. Láti inú ni irin yẹn ti ń dógùn-ún wá síta. Ìdí tí omi fi pupa nìyẹn, ìdí tí kò sì fi lágbára nìyẹn, ojú ihò ti dí. Mo mọ onílé kan tó lẹ táìlì olówó gọbọi lé irú páìpù bẹ́ẹ̀. Kò pé ọdún tó bẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Èmi náà ni wọ́n pè kí n wá fọ́ ohun tí mo bá wọn lẹ̀. Owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni fún mi, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn.

Nítorí náà, páìpù tuntun ni ìbẹ̀rẹ̀, kí wáyà tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ rẹ́ ògiri, kí ẹ tó bọ́ sórí ilẹ̀ àti kábínẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dà ló ń gbẹ̀yìn. Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri dúdú yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ha á, kí wọ́n sì fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Èéfín àti òróró tó ti lẹ̀ mọ́ ọn kì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì mú ògiri, ọ̀dà gan-an á máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Ti táìlì dídán nílẹ̀: ẹ forí jì mí, rárá. Lọ́jà, ẹ da omi díẹ̀ sórí rẹ̀, ẹ bọ́ bàtà, ẹ tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá yọ̀ yín lẹ́sẹ̀ lójú ọlọ́jà ni yóò gbé màmá ṣubú lọ́jọ́ tí epo bá ta sílẹ̀. Ti ògiri ló lè máa dán.

Ẹ tún ṣọ́ onítáìlì yín. Odindi abẹ́ táìlì ló yẹ kí sìmẹ́ǹtì kún. Àwọn kan á kàn sọ ìṣù sìmẹ́ǹtì márùn-ún sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun, ọ̀kan láàárín. Bí ẹ bá fi ìka kàn án, á dún bí igbá òfìfo. Irú èyí ló ń là lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá gbé odó lé e.

Ọmọ Òkè-Àdó
Háà! Inú kíṣìnì yẹn gan-an la ti ń gún iyán o.

Bíríkìlà Àgbà
Ẹ da kọnkéré lásán sí igun kan lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò sí táìlì tó fẹ́ràn odó.

Adé Lewisham
Ẹ kú iṣẹ́ o. London lèmi wà. Níbí, ọ̀pọ̀ ló ń wó ògiri tó wà láàárín kíṣìnì àti pálọ̀, kí gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Ó máa ń jẹ́ kí ilé mọ́lẹ̀, ẹni tó ń dáná á sì lè máa bá àlejò sọ̀rọ̀. Ẹ ò ṣe gbé ìyẹn yẹ̀ wò?

Ìyá Ìbejì Ṣómólú
Bọ̀dá Adé, ẹ kú òtútù. Ṣé ẹ ti din ata sínú epo pupa gbígbóná rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga pálọ̀? Kí àlejò máa wúkọ́, kí òórùn irú wọ tìmùtìmù, kó sì máa gbé ibẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀?

Adé Lewisham
Ẹ ti bá mi wí, mo gbọ́. 😂 Ìyàwó mi náà kì í din ata bí fèrèsé ò bá ṣí.

Bíríkìlà Àgbà
Yàtọ̀ sí ti òórùn, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n pe ilé yìí. Ògiri ìsàlẹ̀ lè jẹ́ òun ló ru dẹ́kìn. A kì í fi ojú lásán wó o.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sórí sílìn yẹn. Pátákó aláwọ̀ eérú ní ilé 1976, ó ṣeé ṣe dáadáa kó ní asbestos nínú, ìyẹn fọ́nrán òkúta tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì. Bó bá wà lókè jẹ́ẹ́, tí kò fọ́, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ewu rẹ̀ kéré. Òòlù àti ayùn ló ń jí i. Eruku rẹ̀ kéré débi pé ojú ò rí i, bí èèyàn bá sì fà á símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ jókòó sí. Àrùn tó ń fà, títí kan jẹjẹrẹ, lè pẹ́ tó ogún tàbí ogójì ọdún kó tó yọjú. Kò sẹ́ni tí yóò tún rántí kíṣìnì nígbà náà.

Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn dunjú, òun ni kí ẹ pè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n wọ́n omi sí i títí yóò fi rin, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódindi, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá tó nípọn. Wọn ò gbọdọ̀ gbá ilẹ̀ náà ní gbígbẹ, aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nù ún. Ìbòmú gidi ni o, kì í ṣe háńkáṣíìfù. Kí màmá àtàwọn ọmọ lọ kí ará lọ́jọ́ yẹn. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan gbé e lọ bo ilé adìyẹ rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Àdó
Ẹ ṣeun gan-an, nọ́ọ̀sì wa. Àbúrò mi ọkùnrin ti ní òun máa fi ìgbálẹ̀ gígùn ti í lulẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Mo ti pè é, ó ti jókòó.

Rìwáyà Ọ̀ṣogbo
Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń ta iná yẹn, ẹ yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀ lónìí, ẹ má dúró de àtúnṣe. Nínú ilé àtijọ́ tí mo ti ṣí wáyà wọn, ọ̀pọ̀ ni mi ò bá ẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ rárá, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Ilẹ̀ tútù, ọwọ́ tútù, fíríìjì onírin, kò sí ẹ́ẹ̀tì... ẹ parí rẹ̀ fúnra yín.

Wáyà 2.5 mm² ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kúkà oníná, kí wáyà tirẹ̀ dá wà, 4 tàbí 6 gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ bá ṣe tó, kó sì ní bírékà tirẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin sí márùn-ún ni kíṣìnì yẹn nílò, kí ọ̀kankan má sún mọ́ síǹkì. Bí ínfátà bá wà nílé, ẹ má so kẹ́tùlù mọ́ ọn. Kẹ́tùlù kan lè fa wọ́ọ̀tì 2,000, ká tó mu tíì tán, bátìrì ti ṣubú.

Káfíńtà Bódìjà
Kábínẹ́ẹ̀tì funfun tí ẹ ń wò yẹn, ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gúlúù tẹ̀ pọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí omi síǹkì bá débẹ̀, á wú bí búrẹ́dì tí a rì sínú tíì. Ikán ti mọ ọ̀nà ilé yín tẹ́lẹ̀, ẹ sì fẹ́ gbé oúnjẹ tuntun síwájú rẹ̀!

Èmi káfíńtà ni mo ń sọ ọ́ o: ẹ jẹ́ kí bíríkìlà ṣe èyí tó pọ̀ jù. Kó fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, kó da kọnkéré sórí bí dẹ́kìn kékeré, kí ẹ fi gúránáìtì tàbí táìlì bo ojú rẹ̀. Ilẹ̀kùn iwájú nìkan ni kí ẹ fi pákó ṣe, ìrókò tàbí apá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta arère fún yín lórúkọ ìrókò. Arère fúyẹ́, ikán sì ń jẹ ẹ́ bí àkàrà. Kí wọ́n fọ́n oògùn ikán sínú ilẹ̀ àti ẹsẹ̀ ògiri kí wọ́n tó da kọnkéré.

Gíga rẹ̀, ọ̀pọ̀ ń ṣe é ní sẹ̀ǹtímítà 90. Àmọ́ kí màmá dúró, kí wọ́n ká apá kò bí ẹni fẹ́ gé ẹ̀fọ́, kí ẹ wọn láti ìgbọ̀nwọ́ wọn dé ilẹ̀, kí ẹ wá yọ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 kúrò. Bí wọ́n bá kúrú, á lé díẹ̀ ní 80. Ẹ̀yìn wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Àbíkẹ́yìn Ìjẹ̀bú
Táìlì: ẹ rà á tán lẹ́ẹ̀kan, kí nọ́ńbà ara páálí bá ara mu, kí ẹ sì ra páálí méjì lé. Bẹ́ ẹ bá padà lọ lóṣù tó ń bọ̀, àwọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀. Owó iṣẹ́: ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ di ìdá tó gbẹ̀yìn mú títí omi fi máa ṣàn nínú ẹ̀rọ. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú
Mo padà wá torí gáàsì, ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà á. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sùn sí. Bó bá jò lóru, kì í gba ojú fèrèsé jáde. Á kún ilẹ̀ kíṣìnì, á máa dúró de ẹni tó máa ṣáná láàárọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi gáàsì rọ́pò kẹrosíìnì, ìta ni kí sílíńdà 12.5 kg máa gbé, nínú àgò irin tó ní àgádágodo, kí páìpù kọ́pà gba ara ògiri wọlé. Kí ihò atẹ́gùn wà nísàlẹ̀ ògiri pẹ̀lú, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó. Nínú ilé lèmi gbé tèmi sí tẹ́lẹ̀, eku jẹ rọ́bà rẹ̀. Òórùn ló jí mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ìfófòó ọṣẹ pa gbogbo oríkèé páìpù lóṣooṣù. Níbi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ń jò.

Ti lúfà, ẹ rò ó dáadáa. Fèrèsé sliding, ìdajì péré ló ń ṣí. Lúfà ń ṣí tán. Bí lúfà bá ti sú yín, casement, èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, ni kí ẹ ṣe.

Ọmọ Òkè-Àdó
Ẹ̀yin ará, mo délé ní Sátidé, mo sì bi màmá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní: "O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bi mí?" Mo dọ̀bálẹ̀.

Wọn ò fẹ́ funfun. Wọ́n ní àwọn ò ní agbára àtimáa nu nǹkan funfun. Wọ́n fẹ́ kí ọlọ wọn dúró síbi tó wà. Wọ́n fẹ́ ibi tí àwọn lè jókòó sí ṣa ẹ̀wà, tí àwọn á fi máa rí ẹni tó ń gba géètì wọlé. Lúfà ò gbọdọ̀ kúrò, gíláàsì rẹ̀ tó fọ́ ni kí a pààrọ̀. Ti omi ni wọ́n fọwọ́ sí kíákíá, àti ti gáàsì, nígbà tí mo sọ ìtàn eku Ìyá Ìbejì fún wọn.

Wọ́n wá mú mi wọ yàrá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n kó ìkòkò àríyá márùn-ún sí, láti ọdún tí kọ́bọ́ọ̀dù ti wó. Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn tó ń gbà mí nímọ̀ràn pé ibo ni àwọn máa kó wọn sí nínú kíṣìnì tuntun yìí.

Káfíńtà Bódìjà
Ẹ wọn èyí tó tóbi jù.

Ọmọ Òkè-Àdó
Íǹṣì 23, mi ò tíì ka etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn.

Káfíńtà Bódìjà
Íǹṣì 24 ni kábínẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jìn. Kò ní wọlé. Ẹ sọ fún Bíríkìlà Àgbà kó jẹ́ kí apá kan jìn tó 30, kí ibẹ̀ má ní ilẹ̀kùn. Aṣọ ni kí màmá ta sí i.