“Timbre”: ṣé àwọ̀ ohùn ni, àbí ìdámọ̀ ìró?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí i yín o. Ẹnìkan dábàá pé ká máa pe timbre, ìyẹn ohun tó ń mú ká mọ ìró kan yàtọ̀ sí òmíràn bí wọ́n tilẹ̀ ń dún bákan náà lókè-nísàlẹ̀, ní “àwọ̀ ohùn”. Ẹlòmíràn ní “òǹtẹ̀ ohùn”. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ Faransé ni timbre, ìdí ìlù ló sì ti ṣẹ̀ wá, láti ara tympanon àwọn Gíríìkì. Ó di agogo tí wọ́n ń fi òòlù kékeré lù, kó tó di ohun tí òǹkọ̀wé Rousseau kọ sínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ ní 1768: ìwà ìró tó ń mú kó le tàbí kó rọ̀, kó mú gooro tàbí kó dún lábẹ́lẹ̀. Timbre yìí kan náà ni Faransé ń pe sítáǹpù, àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin, mọ̀ ọ́n dáadáa lára ìwé ìjọba. Ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ ti wọlé. Ṣùgbọ́n òde ni wọ́n ti ń tẹ òǹtẹ̀ mọ́ nǹkan. Inú igi, awọ àti ọ̀fun ni timbre ti ń jáde.

Àwọ̀ ńkọ́? Klangfarbe àwọn ará Jámánì nìyẹn, ìyẹn “àwọ̀ ìró”, tí Helmholtz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn, lò nínú ìwé rẹ̀ ní 1863. Yorùbá kì í fojú wo ohùn, ẹnu la fi ń tọ́ ọ wò: a ní olóhùn iyọ̀. Ohùn le há, ó le tín-ín-rín. N ò gbọ́ ohùn pupa rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn onímọ̀ èdè ti gba “ohùn” fún òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Bí a bá kọ “àwọ̀ ohùn” sínú ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé àmì orí ọ̀rọ̀ là ń wí.

Ẹ jẹ́ kí ìyáàlù dùndún sọ gbólóhùn kan, kí ìyáàlù bàtá sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tó wà nínú yàrá, tí kò rí wọn, á mọ èyí tó ń sọ̀rọ̀. Ohun tó fi dá wọn mọ̀ gan-an ni timbre. Torí rẹ̀ ni onílù ṣe ń lẹ ìda mọ́ ojú bàtá, torí rẹ̀ náà ni ṣaworo ṣe wà létí ìyáàlù.

“Ìdámọ̀ ìró” ni tèmi. Ìró gba fèrè, gòjé, ìlù àti ọ̀fun èèyàn pọ̀. “Ìdámọ̀ ìró gòjé yàtọ̀ sí ti fèrè”: ẹ kà á sókè, kí ẹ wò ó bóyá ó rọ̀ lẹ́nu. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ mú un wá.