Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ń ha fẹ́ńdà láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ ṣọ́kù

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Ó di oṣù méjì tí mo ti ní kí wọ́n fi coilover (ṣọ́kù tí spring yí ká, tí a lè yí sókè tàbí sílẹ̀) sábẹ́ Toyota Corolla ọdún 2005 mi kí ó lè wálẹ̀ díẹ̀, láti ìgbà náà sì ni táyà ẹ̀yìn ti ń ha fẹ́ńdà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mẹkáníìkì gba owó lọ́wọ́ mi, kò sì gbé ìpè mi mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tí mo gbé àwọn àna mi láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìbàdàn, ariwo náà pọ̀ débi pé ojú tì mí.

Bàbá Ìbejì: Àbúrò, o kò sọ nọ́ńbà táyà, o kò sì sọ bóyá etí ìta ni ó ń ha tàbí ti inú. Fi ẹfun ìkọ̀wé kun etí táyà, kó èèyàn sẹ́yìn, kí o wa ọkọ̀ náà; ibi tí ẹfun bá ti pa rẹ́ ni ó ti ń ha.

Ìyá Ayọ̀: Àwọn kan tẹ etí fẹ́ńdà ọkọ̀ ọkọ mi wọlé kí táyà má baà ha á mọ́, láìkọ́kọ́ fi ooru mú ọ̀dà rẹ̀ rọ̀. Ọ̀dà náà sán, nígbà tí òjò sì dé, ìpẹtà bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ má tíì fọwọ́ kan fẹ́ńdà. Coilover ṣeé yí sókè. Ẹ gbé e sókè ní sẹ̀ǹtímítà 2, kí ẹ sì tún àláímẹ́ǹtì ṣe.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kí ó lè wálẹ̀ ni mo ṣe náwó, mi ò ní gbé e sókè. Táyà mi jẹ́ 225/45R17, gíga rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti 195/65R15 tí ó bá ọkọ̀ wá.

Bàbá Ìbejì: Lóòótọ́, àwọn méjèèjì ga tó mìlímítà 634, ṣùgbọ́n tìrẹ fi mìlímítà 30 fẹ̀ jù (225 dípò 195), mìlímítà 15 nínú rẹ̀ sì bọ́ síta. Ṣé kò sí nǹkan kan láàárín rímù àti họ́ọ̀bù tí a ń de rímù mọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Spacer (irin tí ń ti táyà síta) mìlímítà 20 wà níbẹ̀. Èmi ni mo rà á, kí táyà lè kún ẹnu fẹ́ńdà. Mẹkáníìkì ní kí n má fi í sí i.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ọkùnrin tí o wá ń ráhùn sí nìyẹn! Ó yẹ kí o tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Bí a bá ro 15 yẹn pọ̀ mọ́ 20 ti spacer, mìlímítà 35 ni táyà fi yọ síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yọ spacer náà lónìí, kí o tó ronú nípa fẹ́ńdà rárá. Yẹ etí táyà wò dáadáa pẹ̀lú. Bí okùn inú rẹ̀ bá ti hàn, má ṣe gbé e wọ ọ̀nà márosẹ̀ mọ́, pààrọ̀ rẹ̀.