Egbò tó ń dún pàrà pàrà lábẹ́ ọwọ́, ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

Ẹ̀yin ará, ọkadà ló gbé àbúrò mi ṣubú sínú ẹrẹ̀ lọ́nà oko, irin ya á nítan, erùpẹ̀ wọnú ẹ̀. Oníkẹ́mísì kan da spirit sí i, ó rán an pa, àwa náà dúpẹ́ a gbà ilé lọ, a ò mọ̀ pé ìdọ̀tí la rán mọ́nú.

Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ní kó yé ṣe bí ọmọdé, torí egbò yẹn ò yọ ọyún kankan, àmọ́ kò fẹ́ kí aṣọ kàn án rárá. Awọ itan wú, ó ń dán, ó kọ́kọ́ funfun, nígbà tó dalẹ́ ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí idẹ, omi dúdú ń ro, òórùn ẹ̀ jọ nǹkan dídùn tó ti bàjẹ́. Ìyá wa ti ní àsasí ni. Mo wá fìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ báyìí, ó dún pàrà pàrà bí ìgbà téèyàn tẹ ọ̀rá. Mi ò dúró kílẹ̀ mọ́.

X-ray fi atẹ́gùn hàn láàárín ẹran ara. Gas gangrene ni dókítà pè é, ó ní kòkòrò inú ilẹ̀ ni, ibi tí atẹ́gùn ò dé ló ti ń gbèrú, òun fúnra ẹ̀ ló ń tú gáàsì sílẹ̀. Wọ́n tú rírán yẹn, wọ́n gé ẹran tó ti kú dànù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ tíátà. Òògùn apakòkòrò, penicillin àti clindamycin, owó gidi! Ó ń rìn ṣá.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò ríbi sá sí. Àwọn tó ń to eegun fi pákó di ẹsẹ̀ ẹ̀ pinpin, ìka ń dúdú, wọ́n ní òògùn ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gba abẹ́rẹ́ tetanus tẹ́ ẹ wá sùn fọnfọn, kì í dí gas gangrene yìí lọ́wọ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí kan náà ni kòkòrò méjèèjì. Bí ìrora bá ti ju egbò lọ, tí àyà ń lù kìkì tí ara ò tíì fi bẹ́ẹ̀ gbóná, ẹ má retí ọyún. Èmi máa ń fi báírò fàlà sí etí ibi tó wú, kí n tó padà dé ó lè ti kọjá ìlà.

Háà, báírò! Nọ́ọ̀sì tọ́jọ́ yẹn ṣe é, mo sì ń bínú pé ó ń kọ ìkọkúkọ sára àbúrò mi.